Adájọ́ ní èmi náà jẹ̀bi díẹ̀: ta ni yóò wá san owó ẹjọ́?

Abẹ́nì_Ọlọ́kọ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ owó ẹjọ́ ló gbé mi dé ibí.

Mo páàkì ọkọ̀ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lálẹ́ ọjọ́ kan, mi ò sì tan iná páàkì. Ọkùnrin kan ń ríbáàsì bọ̀, ojú rẹ̀ wà lórí fóònù, ó gbá iwájú ọkọ̀ mi wọlé. Ó ní òun ò ní san ohunkóhun, èmi ni mo fi ọkọ̀ pamọ́ sínú òkùnkùn. Mo pè é lẹ́jọ́. Òun náà pè mí padà nínú ẹjọ́ kan náà, ó ní bọ́ńpà òun fọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi iye kékeré ṣe ìṣirò kó lè yé wa. Ohun tó bàjẹ́ lára ọkọ̀ mi jẹ́ 100, tiẹ̀ jẹ́ 20. Adájọ́ ti dá a báyìí: ìdá 65 nínú 100 ẹ̀bi náà jẹ́ tiẹ̀, ìdá 35 jẹ́ tèmi. Yóò san 65 fún mi, èmi yóò san 7 fún un. Wọ́n yọ ọ̀kan nínú èkejì, ó ku 58 tí màá gbà. Mo tún béèrè owó iṣẹ́ tí mo pàdánù nígbà tí ọkọ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ìyẹn ò sí nínú 100 yẹn, adájọ́ sì dà á nù pátápátá.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gbọ́ ti owó ẹjọ́. Owó lọ́yà, owó ìforúkọsílẹ̀, owó onímọ̀ tó wá yẹ ọkọ̀ wò, àpapọ̀ wọn ti ju owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Ṣé 65 sí 35 náà ni wọ́n máa fi pín in? Òfin tí wọ́n jogún lọ́dọ̀ England ni wọ́n ń lò níbi tí mo wà.

Láńkẹ́_T

Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹni tó ru ìdá 35 ẹ̀bi, kó ru ìdá 35 owó. Kí ló tún kù?

Lọ́yà_Àtijọ́

Rárá o, Láńkẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà.

Owó gbà-máà-bínú ni wọ́n ń pín ẹ̀bi sí. Ní England, títí di 1945, bí ẹ̀bi tìrẹ bá wà nínú ìjàǹbá tó ṣe ọ́, ó ṣeé ṣe kó o lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Òfin ọdún yẹn ló ní kí adájọ́ dín owó náà kù bí ẹ̀bi ṣe pọ̀ sí dípò kó gbà á pátápátá. Bí àpẹẹrẹ, ní 1975, Lord Denning, adájọ́ kan ní England, sọ pé ẹni tí kò de bẹ́líìtì nínú ọkọ̀, kí wọ́n yọ ìdá 25 nínú owó rẹ̀ bó bá jẹ́ pé bẹ́líìtì ì bá ti gbà á pátápátá, kí wọ́n yọ ìdá 15 bó bá jẹ́ pé ìpalára náà á kàn dín kù. Owó gbà-máà-bínú nìkan ni gbogbo ìyẹn ń sọ.

Ìbéèrè mìíràn ni ti owó ẹjọ́: ta ló mú kí ẹnìkejì náwó wá sí kóòtù? Ọkùnrin yẹn ní òun ò ní san ohunkóhun. Abẹ́nì ní láti pe ẹjọ́ kó tó rí 65 náà gbà, gẹ́gẹ́ bí ì bá ṣe pe ẹjọ́ kó tó rí 100 gbà. Lọ́yà rẹ̀ ò kọ ìwé ìpẹ̀jọ́ tó kúrú torí pé ẹ̀bi oníbàárà rẹ̀ jẹ́ 35. Onímọ̀ yẹn náà ò wo ìdá 65 ọkọ̀ kó fi ìyókù sílẹ̀.

Nítorí náà, níbi tí òfin ti wá láti England, ibi tí adájọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé ẹni tó bá máa kọ ṣẹ́ẹ̀kì ní ìgbẹ̀yìn ni yóò san owó ẹjọ́ ẹnìkejì. Ibẹ̀ ló ti máa wá wò ó bóyá ìdí wà láti yọ nǹkan kúrò. Ọwọ́ adájọ́ ni àṣẹ yẹn wà, ó sì gbòòrò: ó lè ní kí wọ́n san ìdá kan nínú owó náà, tàbí iye pàtó kan, tàbí owó tó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ báyìí títí di ọjọ́ báyìí.

Láńkẹ́_T

Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, àmọ́ kò dọ́gba. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ wò ó láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà. Ó mọ̀ pé òun jẹ̀bi, ó sì mọ̀ pé Abẹ́nì náà jẹ̀bi. Obìnrin náà ta kú pé 100 lòun fẹ́. Kí ni kó ṣe? Ṣé kó san 100 tí kò jẹ ni, tàbí kó lọ sí kóòtù kí wọ́n wá di gbogbo owó ẹjọ́ rù ú?

Lọ́yà_Àtijọ́

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ohun tó yẹ kó ṣe ni pé kó fi owó lọ̀ ọ́. Kó kọ lẹ́tà pé, “Màá san báyìí báyìí, gbà á ká parí ẹ̀.” Àwọn lọ́yà ń pè é ní lẹ́tà Calderbank, láti inú ẹjọ́ kan ní 1975. Wọ́n á kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé kò ṣeé fi ṣe ẹ̀rí àyàfi lórí owó ẹjọ́. Adájọ́ ò ní rí i títí yóò fi dá ẹjọ́ tán. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá wá kan owó ni wọ́n ń yọ ọ́ láti inú àpò. Bí ohun tí Abẹ́nì gbà ní kóòtù kò bá ju ohun tí lẹ́tà náà fi lọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ á yí padà: láti ìgbà tó ti yẹ kó gbà á, òun ló máa san owó ẹjọ́ ọkùnrin náà.

Ní England fúnra rẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ di òfin tó ní ìlànà tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Part 36. Ó kéré tán, wọ́n gbọ́dọ̀ fún ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí ní ọjọ́ 21 láti rò ó. Olùpẹjọ́ náà lè fi tirẹ̀ lọ olùjẹ́jọ́. Bí olùjẹ́jọ́ bá kọ̀, tí olùpẹjọ́ sì gba iye yẹn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní kóòtù, ìyà tó ń tẹ̀lé e pọ̀: èlé tó wúwo, owó ẹjọ́ tí wọn ò ní fi bẹ́ẹ̀ gé, àti àfikún tó lè dé 75,000 pọ́n-ùn.

Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹ̀bi náà kan àwọn méjèèjì, lẹ́tà ni ààbò rẹ̀. Tó bá jókòó láì kọ nǹkan kan, kó má ráhùn.

Kẹ́hìndé_Jámánì

Níbí ní Jámánì, Láńkẹ́ ló sún mọ́ òótọ́. Abala 92 nínú ìwé òfin ìgbẹ́jọ́ wa sọ pé bí olúkúlùkù bá jàre díẹ̀ tó sì jẹ̀bi díẹ̀, kí wọ́n pín owó ẹjọ́ bó ṣe jàre sí, tàbí kí oníkálukú ru owó lọ́yà tirẹ̀, kí wọ́n sì dá owó kóòtù sí méjì.

Àmọ́ ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ohun tí ẹ béèrè ni, kì í ṣe ẹ̀bi. Abẹ́nì béèrè 100, ó gba 65, ó ti pàdánù 35 nìyẹn. Ká ní 65 ló béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀, tó sì gba 65, kò pàdánù nǹkan kan lórí ẹ̀sùn tirẹ̀, bí ìdá 35 ẹ̀bi tilẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ọ́fíìsì lọ́yà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kí a tó fi ìwé kankan ránṣẹ́, ohun tí ọ̀gá wa kọ́kọ́ máa ń bi oníbàárà ni pé, “Ẹ̀bi tiyín ńkọ́? Ẹ sọ òótọ́.” Àwọn kan á bínú. Wọ́n á ní ṣé ẹ̀yìn wọn ló wà ni àbí ẹ̀yìn ọ̀tá wọn.

Abala yẹn kan náà gba adájọ́ láyè láti di gbogbo owó ru ẹnì kan bí ohun tí ẹnìkejì fi béèrè jù bá kéré, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ dá kún owó ẹjọ́. Abala 93 tún wà: bí wọ́n bá pe ẹ lẹ́jọ́ láìjẹ́ pé o ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n torí rẹ̀ pè ẹ́, tó o sì jẹ́wọ́ gbèsè náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹni tó pè ẹ́ ló máa san owó ẹjọ́.

Táyé_Amẹ́ríkà

Ní tiwa, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Oníkálukú ló ń san lọ́yà tirẹ̀, ì báà jàre, ì báà jẹ̀bi, àfi bí òfin pàtó kan tàbí àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn. Ó ti pẹ́ o: ní 1796, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ yọ dọ́là 1,600 owó lọ́yà kúrò nínú owó tí wọ́n dá fún ẹnì kan. Ohun tí ẹni tó jàre sábà máa ń gbà padà ni owó kéékèèké bí owó ìforúkọsílẹ̀. Lẹ́tà tí Lọ́yà_Àtijọ́ sọ wà nílé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ náà, Rule 68 ni wọ́n ń pè é, àmọ́ eyín rẹ̀ ò mú tó ti England.

Agánmọ́

Ìyẹn ni pé ní Amẹ́ríkà, ẹni tó jàre náà ń sunkún lọ sílé.

Ọ̀gá_Táìlì

Èmi ò sí ní Amẹ́ríkà, mo sì sunkún. Mo tẹ́ táìlì fún oníbàárà kan, kò san ìdajì owó mi, ó ní ilẹ̀ ò dọ́gba. Mo pè é lẹ́jọ́, òun náà pè mí padà. Onímọ̀ tí kóòtù rán wá gbé bọ́ọ̀lù kékeré kan kalẹ̀ láàárín pálọ̀, bọ́ọ̀lù náà dúró síbi tó wà. Mo rẹ́rìn-ín. Ó gbé e lọ sí ilé ìwẹ̀, ó gbé e kalẹ̀, ṣe ni bọ́ọ̀lù yẹn yí lọ ko ògiri. Ojú mi wálẹ̀.

Adájọ́ ní kí oníbàárà san owó mi, kó yọ owó tí yóò fi tún ilé ìwẹ̀ ṣe. Lórí owó ẹjọ́, ó ní kí oníkálukú gbé tirẹ̀. Ohun tí mo gbà kò tó owó lọ́yà mi. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, mo mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Pé a tún lè ti ibẹ̀ bọ̀ ká jẹ gbèsè ni mi ò mọ̀.

Lọ́yà_Àtijọ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọ̀gá. Ẹjọ́ kan jọ tiyín gan-an, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn England ló dá a ní 2005. Kọ́lékọ́lé kan béèrè nǹkan bí 18,000 pọ́n-ùn lọ́wọ́ tọkọtaya kan. Àwọn náà pè é padà fún ohun tó lé ní 100,000. Ó gba tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, wọ́n gba díẹ̀ nínú tiwọn. Nígbà tí wọ́n yọ ọ̀kan nínú èkejì, ohun tó kù fún un jẹ́ 5,000 pọ́n-ùn àti díẹ̀. Owó ẹjọ́ gbogbo wọn? Nǹkan bí 185,000.

Adájọ́ àkọ́kọ́ ní kí tọkọtaya san owó ẹjọ́ ti ẹ̀sùn kọ́lékọ́lé, kí kọ́lékọ́lé san owó ẹjọ́ ti ẹ̀sùn tọkọtaya. Ó dún bí ohun tó dọ́gba létí, àbí? Kò dọ́gba rárá. Torí ẹ̀sùn ńlá tí kò fi bẹ́ẹ̀ fìdí múlẹ̀ yẹn ni wọ́n ṣe ná ọ̀pọ̀ owó náà, kọ́lékọ́lé ni ìyẹn ì bá sì já lé lórí. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí i padà: kí tọkọtaya san ìdá 60 gbogbo owó ẹjọ́ kọ́lékọ́lé. Kí wọ́n tó débẹ̀ rárá, lọ́yà kọ́lékọ́lé ti dábàá pé kí wọ́n wá onílàjà, àwọn tọkọtaya ní ọ̀rọ̀ náà díjú ju ohun tí onílàjà lè yanjú lọ. Wọn ò fi ìyẹn jẹ wọ́n níyà nígbà yẹn, àmọ́ àwọn adájọ́ kìlọ̀ pé ẹni tó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú ò ní rí àwáwí.

Abẹ́nì_Ọlọ́kọ̀

Ẹ ṣé púpọ̀, bàbá wa. Ẹ̀rù ti ń bà mí báyìí. Òun náà ṣáà gba 7 lórí bọ́ńpà. Ṣé ìyẹn ò sọ pé òun náà jàre, kí èmi náà san owó lọ́yà rẹ̀?

Lọ́yà_Àtijọ́

Bí adájọ́ bá ya ẹ̀sùn méjèèjì sọ́tọ̀, kò ní pọ̀. Ìlànà kan wà láti ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní England, ó wà nínú ìwé ìdájọ́ ti 1929. Ẹ gbé ìwé owó tí lọ́yà kọ fún yín síwájú. Ká ní wákàtí 10 ló fi ka ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí lórí bí ìjàǹbá ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ̀sùn ta ni wákàtí 10 yẹn jẹ́? Ẹ ò ní dá a sí méjì. Bí ọkùnrin yẹn ò bá tiẹ̀ pè yín padà, wákàtí 10 náà á ṣì lọ. Ẹ̀sùn tiyín ló ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí ẹ̀sùn tirẹ̀ dá kún un nìkan ló lè béèrè: bóyá wákàtí kan tí lọ́yà rẹ̀ fi to rìsíìtì bọ́ńpà jọ.

Àmọ́ lóde òní, ọ̀pọ̀ adájọ́ kì í fẹ́ irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Wọ́n á wo gbogbo ẹjọ́ lápapọ̀, wọ́n á sì dá ìdá kan ṣoṣo.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ múra sílẹ̀ fún ni owó iṣẹ́ tí wọ́n dà nù. Ìdájọ́ kan ní 1992 sọ pé ẹni tó jàre kì í pàdánù owó ẹjọ́ rẹ̀ torí pé kò jàre lórí gbogbo kókó. Bí kókó tó ti kùnà bá mú kí ìgbẹ́jọ́ gùn dáadáa, wọ́n lè yọ díẹ̀. Bó bá jẹ́ ohun tí kò bọ́gbọ́n mu rárá láti gbé wá, wọ́n tún lè ní kó san ti ẹnìkejì lórí rẹ̀. Báwo ló ṣe pẹ́ tó?

Abẹ́nì_Ọlọ́kọ̀

Ìdajì ọjọ́. Mi ò ní ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tó péye 🙈

Láńkẹ́_T

Ẹ̀yin Lọ́yà, ìbéèrè kan. Ṣé ẹni tó bá ti gba nǹkan kan ṣáá ni ẹni tó jàre?

Lọ́yà_Àtijọ́

Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ẹ wo ti 2011. Ọkùnrin kan tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àwọn dókítà ló fi nǹkan falẹ̀. Ó béèrè ohun tó lé ní 500,000 pọ́n-ùn. Adájọ́ ní kò hàn pé ìfàfalẹ̀ yẹn ló gba ẹsẹ̀ náà, ó fún un ní 2,000 fún ìrora tó jẹ. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní, tá a bá fojú òótọ́ wò ó, àwọn dókítà ló jàre, torí ẹsẹ̀ ni gbogbo ìjà náà dá lé. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ mẹ́ta náà ò gbà o. Ti Abẹ́nì ò jọ ìyẹn, 65 nínú 100 kì í ṣe èérún.

Abẹ́nì, ẹ ò tíì dáhùn ohun kan tí mò ń retí. Ṣé ọkùnrin náà fi owó lọ̀ yín rí?

Abẹ́nì_Ọlọ́kọ̀

Mo ní kí n má sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Lẹ́tà kan wá ní oṣù mẹ́rin ṣáájú ìgbẹ́jọ́. Ó fi 60 lọ̀ mí, ó fún mi ní ọjọ́ 21. Inú ló bí mi, mi ò fèsì.

Agánmọ́

60! 58 sì ni ẹ gbà! Yéè!

Láńkẹ́_T

Ó parí. Oṣù mẹ́rin tó kẹ́yìn yẹn ni lọ́yà ń jẹun jù.

Lọ́yà_Àtijọ́

Ẹ fara balẹ̀. Ẹ má tíì sin òkú tí kò tíì kú. Ohun méjì ni mo fẹ́ mọ̀. Èkíní, èlé: bí adájọ́ bá fi èlé kún owó yín, títí di ìgbà tí ọjọ́ 21 yẹn pé nìkan ni kí ẹ kà á mọ́ ọn bí ẹ bá ń fi wé lẹ́tà náà. Kì í ṣe kékeré. 58 lè di 61 níbẹ̀.

Èkejì ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ lọ gbé lẹ́tà náà. Ṣé ó sọ pé 60 yẹn parí gbogbo ohun tó wà láàárín yín, títí kan bọ́ńpà rẹ̀? Àbí ẹ̀sùn tiyín nìkan ló ń sọ? Bó bá jẹ́ gbogbo rẹ̀, 60 àti 58 la máa fi wéra. Bó bá jẹ́ ẹ̀sùn tiyín nìkan, 60 àti 65 ni, ẹ sì ti jù ú lọ.

Abẹ́nì_Ọlọ́kọ̀

Mo ti gbé e. Ohun tó wà nílà kẹta rèé: “láti parí ẹ̀sùn tí olùpẹjọ́ mú wá.” Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò síbi tó ti dárúkọ bọ́ńpà.

Lọ́yà_Àtijọ́

Ẹ fi ránṣẹ́ sí lọ́yà yín lálẹ́ yìí. Ẹ má dúró di àárọ̀.

Kẹ́hìndé_Jámánì

Ìlà kan ṣoṣo! Ọ̀gá wa á fẹ́ràn èyí.

Abẹ́nì_Ọlọ́kọ̀

Mo dé o, ẹ̀yin èèyàn mi. A ti kóòtù dé lánàá.

Lọ́yà rẹ̀ kọ́kọ́ gbé lẹ́tà sókè bí ẹni gbé ife ẹ̀yẹ. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá kà á á mọ̀ pé gbogbo ọ̀rọ̀ ló ní lọ́kàn. Adájọ́ ka ìlà kẹta sókè, ó tún un kà, ó wá bi í pé, “Ta ló kọ ọ́?” Ó ní àwọn ni. Adájọ́ ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n kọ lòun máa tẹ̀ lé.

Lẹ́yìn náà ó kọjú sí èmi lórí ìdajì ọjọ́ tí a fi sọ̀rọ̀ owó iṣẹ́. Ó ní kò yẹ kí ọkùnrin náà sanwó ìyẹn. Ó wo ẹ̀sùn méjèèjì pọ̀, ó ní kí ó san ìdá 80 owó ẹjọ́ mi. Kò sẹ́ni tó dárúkọ 35 ní gbogbo ìgbà tí a fi wà níbẹ̀. Láńkẹ́, mo wò ọ́ lọ́kàn mi nígbà yẹn.

Ìdá 20 tó kù ṣì wà lọ́rùn mi, lọ́yà mi sì ti fi ìwé owó rẹ̀ ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí.

Láńkẹ́_T

Mo ṣì sọ pé kò dọ́gba. Àmọ́ ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n.

Agánmọ́

Ṣé ẹ ti ń tan iná páàkì báyìí?

Abẹ́nì_Ọlọ́kọ̀

Ọ̀sán gangan pàápàá, mò ń tàn án.